Oògùn Tí Kò Ta Ni Lára

Ẹ̀yin tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn yìí fún, tí ẹ padà délé tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun yín, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Èmi kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Bí ènìyàn méjì bá wò mí pọ̀, ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu mi. Ọdún díẹ̀ ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn fáda ní Bantè kí Bàbá tó ní kí n wá máa ran Ìyá lọ́wọ́. Faransé tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìsìn wa fi ìwé àdúrà kọ́ mi láti ka Nàgó, èdè wa, kí n sì kọ ọ́. Ìyẹn ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ló ṣe mí. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé orúkọ náà nìkan kò pa mí.

Irun ni mo máa ń dì. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn obìnrin Bantè ti ń gbé orí wá fún mi lójú àrọ̀ Ìyá, pàápàá nígbà tí ọjọ́ Àjíǹde bá ń bọ̀. Ó wù wọ́n nítorí pé n kì í ṣòfófó. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa dì. Ìka mi ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, Pọ́ọ̀lù, ló ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ nítorí mi, wọ́n sì ti gba iṣu ìdána lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Apá ọ̀tún mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ìgúnpá, níhà ẹ̀yìn. Ojú kan níbẹ̀ ṣá ju ara yòókù lọ, kò tóbi ju ekùrọ́ lọ. Kò yún mi. Kò dùn mí. Mo rò pé làpálàpá ni, mo ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ó fẹ̀ sí i. Irun ara ibẹ̀ re. Bí a bá ń gún iyán tí òógùn bo gbogbo ara mi, ojú ibẹ̀ á gbẹ táútáú, eruku á dúró lé e bí ìgbà tó bá lé orí òkúta. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kí ni ènìyàn fẹ́ sọ nípa ohun tí kò dùn ún?

Ọjọ́ Ẹtì kan ni àṣírí tú. À ń sun iṣu, mo gbé ọwọ́ lé etí àdògán, mò ń fẹ́ná. Ìyá gbé imú sókè.

Ó ní, “Àńnà, ta ló ń sun ẹran lọ́jọ́ Ẹtì? Ṣé wọ́n fẹ́ kí fáda gbọ́ ni?”

A wá ẹran náà títí. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún mi ló wà lórí ẹ̀yinná.

Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yìí, oorun ló ń kùn ọ́?” Lẹ́yìn náà ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fi èékánná já mi lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka náà, ó ń wo ojú mi. Ojú mi kò yí padà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wẹ ọwọ́ náà, ó fi aṣọ dì í.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó lọ́kọ sí Akpassi. Ìyá Akpassi ni gbogbo wa ń pè é. Ó mọ ewé, ó sì ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn: ọgbẹ́, eéwo, ikọ́ ọmọdé. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìyá ránṣẹ́ sí i, ó dé pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí, ó wo apá mi, ó fi itọ́ ra á, ó tún wò ó.

Ó ní, “Àìsàn yìí ti sùn lọ sínú ara. A ní láti jí i.”

Nígbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin kajú káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Ọmọdé kò ṣe aláìmọ̀ pé ẹni tó bá fi eyín fọ́ kóró kajú tútù, ètè rẹ̀ á bó. Oje èèpo kóró yẹn ni Ìyá Akpassi yan jáde lórí iná, tó pò mọ́ egbò igi kan, tó sì fi ìyẹ́ adìyẹ kùn mí lápá. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ènìyàn ló gbà pé oògùn tó bá dára gbọ́dọ̀ ta ni lára. Bí kò bá ta, a jẹ́ pé kò tíì rí àìsàn náà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tọ́ wa.

“Ṣé ó ń ta ọ́?”

“Rárá, Ìyá.”

“Díẹ̀ kínún ńkọ́?”

“Rárá, Ìyá.”

Ó mirí. “Àìsàn yìí le o. Ẹ jẹ́ ká fi kún un.”

Wọ́n fi kún un lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún fi kún un lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àràárọ̀ ni Ìyá Akpassi ń béèrè ìbéèrè kan náà, ohun kan náà sì ni mo ń fi dáhùn. Awọ apá náà dúdú, ó ràn, ó ṣí. Mo rí iṣan funfun nínú rẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ẹran lórí pákó alápatà. Omi ń dà lójú Ìyá, èmi tí wọ́n ń jó kò sunkún. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Ká ní ó dùn mí ni, ariwo mi ì bá gbà mí.

Nígbà tí ọgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, orí dáwọ́ wíwá dúró lójú àrọ̀ wa. Àwọn obìnrin náà ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sódò. Pọ́ọ̀lù pàdé mi lẹ́yìn Máàsì lọ́jọ́ kan. Ó dúró ní òdìkejì ọ̀nà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Àńnà, ṣé ara le?”

“Ara le.”

“Ó dáa. Bá mi kí Ìyá.”

Kò tún wá mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò béèrè iṣu wọn padà. Ohun tó fi yé mi pé ẹ̀rù mi ti bà wọ́n gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ ìsìn wa ló bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ní dókítà òyìnbó kan ti dé sí Savalou, pé àwọn àìsàn awọ tó máa ń pẹ́ lára ló ń wádìí, pé kì í sì gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbowó, oúnjẹ ń gbowó. Iṣu tí Bàbá fi pamọ́ fún gbígbìn ló tà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ ni a ń jẹ. N kò lè gbàgbé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọjọ́ kan sọ ọ́ sí mi.

Kàmíọ̀ tó ń kó iṣu ló gbé wa. Nígbà tí awakọ̀ rí aṣọ lápá mi, ó ní kí n lọ jókòó lókè, lórí ẹrù, Bàbá sì bá mi gùn ún.

Ìlà tí a bá níwájú ilé ìwòsàn gùn dé ìdí àwọn igi máńgòrò. Máhì ni ọ̀pọ̀ ń sọ, àwọn mìíràn Nàgó. Àwọn kan bo ojú. Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ń di imú bí wọ́n ṣe ń kọjá. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti Tchetti wá, ó sanra, ó lóhùn lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú àkísà. Ìyá Tchetti ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ń wò mí.

“Ọmọ, kí ló dé tí o fi ń wolẹ̀? Ṣé nǹkan rẹ bọ́ ni?”

Mo fa aṣọ bo apá mi.

“Ọkọ mi sá nígbà tí àrùn yìí dé,” ó ń sọ fún gbogbo ìlà. “Àrùn ò sì sá nígbà tí ọkọ mi wà. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ sọ fún mi, ta ló fẹ́ràn mi?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan, ọmọ Máhì tó gbọ́ Nàgó dáadáa, ló ń yẹ̀ wá wò. Ó ní kí n dijú. Ó fi ìgò kékeré kan kàn mí lápá, ó tún fi òmíràn kàn mí. Ó ní ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, kí n sọ èwo ni èwo. Mo ní méjèèjì bákan náà ni. Ó ṣí aṣọ ọgbẹ́ mi, ó béèrè ohun tí wọ́n fi sí i, Bàbá sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà gbé ojú sókè ó wo Bàbá, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́ sọ ọ́ fún un.

“Bàbá, oògùn yẹn kì í ṣe pé kò rí àìsàn. Ojú ibi tí àìsàn wà ni kò mọ nǹkan mọ́. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, kò ní mọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni.”

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀. Ó dì í mú lọ́wọ́, bí ẹni tó dé ilé òkú.

Mo bi nọ́ọ̀sì náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. “Ṣé ọwọ́ mi máa lọ?”

Ó ní, “Bí a bá tètè ṣe é, àbúrò, ó lè má lọ.”

Láti ọjọ́ náà, n kò bẹ Ọlọ́run fún ọkọ mọ́, n kò sì bẹ̀ ẹ́ fún ẹwà. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní oògùn méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ abẹ́rẹ́ olóròóró, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Èkejì jẹ́ hóró funfun tí a ń gbé mì, tuntun ni. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tó dára jù. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà á lọ sí ọ̀tún, abẹ́rẹ́; ẹni tó tẹ̀ lé e á lọ sí òsì, hóró; bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yàn fúnra rẹ̀, nítorí bí àwa bá ń yàn, wọn ò ní mọ òtítọ́.

A ní a ti gbọ́. Àmọ́ lọ́kàn gbogbo wa, a ti yàn. Ta ni kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ń ta ni? Hóró funfun, kò korò, kò ta, kí ló fẹ́ rí nínú ara? Bí nọ́ọ̀sì ṣe yíjú padà, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ejò. Wọ́n ń ka orí ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn.

Ẹnìkan ń kígbe pé, “Ẹ̀yin ará Bantè, iṣu lẹ mọ̀ ọ́n jẹ, ẹ ò mọ ìlà tò!”

Èmi kà á. Abẹ́rẹ́ ló kàn mí. Inú mi dùn. Ìgbà náà ni Ìyá Tchetti fi ìdí gbún mi, tó sì bọ́ síwájú mi.

Ó ní, “Ọmọdé ni ọ́. Ẹfun á tó ọ.”

N kò lè bá a jà. Ó lọ sí ọ̀tún, wọ́n sì ní kí n lọ sí òsì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà lọ.

Wọ́n kọ́ ahéré sẹ́yìn ilé ìwòsàn fún àwa tí ilé wa jìnnà. Èmi àti Ìyá Tchetti jọ wà nínú ọ̀kan ni. Mi ò lè bínú sí i pẹ́. Òun ló ń ru omi fún mi nígbà tí ọgbẹ́ apá mi ń jinná. Bí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ dé, kò ní lè jókòó. Ìdí rẹ̀ á wú, nígbà mìíràn á di eéwo. Á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, á máa kérora, á sì máa yangàn.

“Ó ń ta mí! Àńnà, ṣé o gbọ́? Ó ń ta mí bí àkeekèé! Tìrẹ ńkọ́?”

“Kò ta mí, Ìyá.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.”

Àánú mi ń ṣe é tọkàntọkàn.

Ìyá àti Ìyá Akpassi wá wò mí. Ìyá Akpassi gba hóró kan lọ́wọ́ mi, ó fi ahọ́n kàn án, ó tu itọ́ sílẹ̀. “Ẹfun ni wọ́n ń fún ọmọ yín. Wọ́n fi ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni.” Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́: wọ́n ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí mo ti gbé hóró náà mì fún oṣù díẹ̀, ibà gbé mi dè. Gbogbo ojú ara tó ti ṣá pọ́n, ó wú. Láti ìgúnpá dé ìka ọmọńdinrín, iná ń jó mi nínú eegun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí apá yẹn dùn mí láti ìgbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ara ń bá àìsàn jà ni, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó fi pákó àti aṣọ di ọwọ́ mi kí ìka má bàa ká, ó ní kí n sinmi, kí n má ṣe kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá tún dé lọ́sẹ̀ náà, ó bá mi tí mò ń gbọ̀n.

“Òyìnbó ń pa á,” ó ń ké. “Wọ́n ń pa ọmọ mi lójú mi!”

Ó gbé mi sínú kàmíọ̀ padà sí Bantè. Nílé, wọ́n tú pákó náà. Ìyá Akpassi ń fi ewé gbígbóná tẹ ọwọ́ mi láàárọ̀, ó ń na ìka náà, mò ń ké, inú rẹ̀ sì ń dùn pé àìsàn ti jí. Ibà lọ. Ìrora lọ. Mo la ojú sí ọwọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e ti ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí. Wọn kò ṣí. Mo fi ọwọ́ òsì ṣí wọn, wọ́n tún padà.

Bàbá rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é. Kì í ṣe ẹni tó máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó nu àga ẹ̀yìn.

Ìyá Akpassi ní, “Níbo lò ń gbé e lọ?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ ṣeun.”

Ó gun kẹ̀kẹ́ náà lójú ọ̀nà eruku yẹn títí dé Savalou. Nígbà tí a bá dé òkè, á sọ̀ kalẹ̀ á máa tì í, èmi á sì jókòó sórí rẹ̀ bí ẹrù.

Wọ́n gbà mí padà, nọ́ọ̀sì sì tún pákó náà dì. Ó ní àwọn ìka méjèèjì yẹn ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú kí ìyókù má tẹ̀ lé wọn. Mo ń gbé hóró mì níwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà ní òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ sí àwọn tó wà ní ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ ọ́ fún wa. A ń rí i lójú ara wa: awọ tó ti ṣá ń dúdú padà, ojú tó ti wú ń fà sẹ́yìn. Àwọn ará ọ̀tún kò yangàn mọ́. Àwọn tó ti ti ara wọn lórí ìlà kò lè wo ara wọn mọ́.

Dókítà fẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i kí ó tó dá a lójú. Nígbà tí ó dá a lójú, ó ní kí wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, kí gbogbo ènìyàn gba hóró. Ìyá Tchetti ti lọ nígbà yẹn. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ dé eegun, eéwo ìdí kò jẹ́ kó sinmi. Ó ní òun fẹ́ lọ rí ilé. Ẹnìkan tó ti ọjà Tchetti wá ló sọ fún wa pé wọ́n ti sin ín. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yẹn ló mú un lọ, pé títí di òpin ó ń pa àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ibi tí ó dúró sí lórí ìlà, ibi tèmi ni. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Kò jí nǹkan mi kankan. Ohun tí gbogbo wa rò pé ó dára ló mú, ó sì rò pé òun ṣẹ́gun. N kò mọ ẹni tí ènìyàn ń bínú sí nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti padà sí Bantè. Wọ́n ti gé díẹ̀ lára etí mi láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àìsàn náà kò sí lára mi mọ́, pé n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún Ìyá lójú mi, ó sì gba ọwọ́ mi mú nígbà tó ń sọ ọ́. Síbẹ̀ àwo mi wà lọ́tọ̀ nílé wa. Ìyá ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kí n má bàa rí i pé kò dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni kò gbé orí wá fún mi. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e wá, ìka mẹ́ta kò lè di irun bí ó ti yẹ. Pọ́ọ̀lù ti gbé ìyàwó. Mo gbọ́ ìlù rẹ̀ láti inú ilé.

Láìpẹ́ yìí, Ìyá Akpassi wá. Ó ti darúgbó. Ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan lọ́wọ́, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó fa aṣọ ọmọ náà sókè ní èjìká, ó ní, “Wò ó fún mi.”

Mo rí i kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kí ọmọ náà dijú, kí ó máa sọ ibi tí ọwọ́ mi bá kàn. Mo kàn án lọ́rùn, ó ní ọrùn. Mo kàn án ní àyà, ó ní àyà. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì dúró.

Ọmọ náà dúró pẹ̀lú ojú dídì. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

Ìyá Akpassi bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀. “Ẹfun yẹn,” ó ní, “ṣé ó ṣì wà?”

Mo ní ó wà. Mo bá wọn lọ sí Savalou. Ọmọ náà ń gbé hóró mì báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ yẹ ara yín wò, ẹ yẹ ara ọmọ yín wò. Bí ẹ bá rí ojú kan tó ṣá, tí kò yún, tí kò dùn, ẹ má fi nǹkan jó o, ẹ má bi í bóyá ó ń ta á. Ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró de ìrora, nítorí kò ní dé títí ọwọ́ yóò fi lọ.